Ta Ló Ń Fún Àwọn Ọ̀bọ Yẹn Lóògùn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tèmi, àǹtí mi ló bi mí, lọ́sàn-án Sátidé kan ní Ìtọ́kú níbí ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà nínú aró títí dé ìgúnpá. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ètò ìlera ni, ọkùnrin tó ń ṣe ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ara ọ̀bọ àti ìnàkí ni kòkòrò HIV ti wá sára ọmọ èèyàn. Àǹtí mi ò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó yí aṣọ nínú ìkòkò, ó gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó tún rì í bọ̀ ọ́, ó wá gbójú sókè wò mí. "Àṣàkẹ́, ìwọ lo wà ní láàbù. Àwọn ọ̀bọ tó ní kòkòrò yìí lára nínú igbó lọ́hùn-ún, ta ló ń fún wọn lóògùn?"

Ẹ̀rín ti fẹ́ máa pa mí kí n tó rí ojú ẹ̀. Kò bá mi ṣàwàdà. Láti ọdún 2006 lòun fúnra ẹ̀ ti ń lo oògùn yẹn, alaalẹ́, aago mẹ́sàn-án, kì í fo ọjọ́ kan. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kọ èyí o, ó ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun. Nígbà tó lóyún àbígbẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n rí i, níbi àyẹ̀wò aboyún, nọ́ọ̀sì kan ló sì kígbe èsì náà ní kọ́rídọ̀ níbi táwọn aboyún yòókù jókòó sí, títí dòní ló máa ń sọ pé ìtìjú ọjọ́ yẹn dun òun ju kòkòrò náà lọ. Ọkọ ẹ̀ náà ń lo tiẹ̀.

Èmi tí mo ti ń ka CD4 àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn sójà ara tí HIV máa ń wọ inú ẹ̀, tí mò ń wọn iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí, èmi náà ò sì bi ara mi. Mo ní kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní nǹkan kan. Ó ní, "Wọ́n wá ń kú dànù?" Mo ní rárá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kòkòrò yẹn kọ́ ló ń pa wọ́n. Ló bá yọ ọwọ́ kúrò nínú aró pátápátá, ó jókòó, ó ní kí n ṣàlàyé. Àlàyé tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn ò dáa tó, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi padà lọ kàwé, tí mo sì jókòó kọ eléyìí.

Kòkòrò tiwọn kì í ṣe HIV gan-an, SIV lorúkọ ẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n. Irú ọ̀bọ tó ní SIV tiẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà lé ní 40. Ọ̀kan wà tí òyìnbó ń pè ní sooty mangabey, àwọ̀ ẹ̀ dà bí eérú, ọ̀bọ eérú ni èmi máa pè é, apá Sierra Leone, Liberia àti Côte d'Ivoire ló ń gbé, ara ẹ̀ ni HIV-2 ti wá. HIV-1 tó gba ayé kan ní tiẹ̀, ara ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Cameroon, ló ti wá, ohun tí àwọn onímọ̀ sì gbà jù ni pé níbi tí ọdẹ ti ń kun ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ẹran fi kan ojú ọgbẹ́ ló ti kọjá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀bọ yìí àti kòkòrò wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Bioko, òkun ti gé e kúrò lára ilẹ̀ ní bíi 10,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ ṣì ní SIV tó bá tàwọn ẹbí wọn tó wà lórí ilẹ̀ mu, látinú ìyẹn ni wọ́n ti ṣírò lọ́dún 2010 pé kòkòrò yìí ti wà láyé fún ó kéré tán 32,000 ọdún. Ẹ ronú sí i, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Abẹ́òkúta dó, kí ẹnikẹ́ni tó máa gbin iṣu pàápàá.

Ká sọ pé ẹ̀rọ wa lè ka SIV, kí wọ́n wá gbé ẹ̀jẹ̀ sooty mangabey fún mi láìsọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ni. Màá rí iye tó lé ní 100,000 nínú mílílítà kan, nígbà míì á wọ mílíọ̀nù, àyà mi á já, màá ní kí wọ́n tètè wá ẹni náà kàn. Ẹni náà ńkọ́? Ó wà lórí igi, ó ń jẹ èso, ó ń gbọ́mọ pọ̀n.

Ẹ wá gbé kòkòrò kan náà yẹn sára ọ̀bọ ilẹ̀ Éṣíà, èyí tó ń jẹ́ rhesus macaque, tí àwọn baba ńlá ẹ̀ ò pàdé SIV rí. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ nílé ìwádìí àwọn ará Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti kó irú ọ̀bọ méjèèjì pa pọ̀, lọ́dún 1985 ni wọ́n tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, ọdún méjì lẹ́yìn tí Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier rí HIV ní Paris. Láàárín ọdún kan sí méjì, ọ̀pọ̀ macaque á ti rù, ìgbẹ́ ọ̀rìn á máa yọ ọ́ lẹ́nu, ikọ́ àti àrùn oríṣiríṣi tí ò lè ṣe ọ̀bọ alára líle ní nǹkan kan á máa gbé e dè. Éèdì gidi. Kòkòrò kan náà, ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, àbúrò bàbá mi, tí mò ń pè ní bọ̀dá, ni mo rántí. Ọdún 1998 ló kú, mẹkáníìkì ni ní Láfẹ́nwá, ọkùnrin gìrìpá tó ń dá gbé ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó máa fi kú, èmi tí mo jẹ́ ọmọdé lè fi ọwọ́ kan yí apá ẹ̀ po. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, lóṣù kẹjọ 1997, ni Fela kú, ọmọ bíbí ìlú yìí, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa á. Ìgboyà ńlá ni mo ka ìyẹn sí, títí dòní. Nílé tiwa kò sẹ́ni tó ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀, ikọ́ là ń wí, ọ̀tá là ń wí, nígbà tó yá a ò tiẹ̀ wí nǹkan kan mọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí kan ìgbà tí mo ti wà ní láàbù, ni pé sójà ara bọ̀dá mi ti kú tán, pé kòkòrò ló ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun nìyẹn. Bí a ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn tó wá gbèsì nìyẹn: sójà ara yín ti dín kù. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kò tó, mo sì ti ń rò ó báyìí pé ọ̀rọ̀ sójà yẹn ló ṣì wá lọ́nà díẹ̀.

Nítorí pé ọ̀nà tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ gbà rò ó ni pé sójà ọ̀bọ tiwa níbí le ju ti macaque lọ, pé wọ́n ń pa kòkòrò náà ju bí àwa ṣe ń pa á lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kòkòrò fi kún ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́fọ́?

Ogun wà o, mi ò sọ pé kò sógun. Sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ CD8, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa lọ láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì, èyí tó bá ti gba kòkòrò sílé, kó pa á. Lọ́dún 1999 àwọn onímọ̀ kan fa CD8 kúrò lára àwọn macaque tó ní SIV, kíá ni iye kòkòrò gòkè, nígbà tí CD8 padà dé, ó tún wálẹ̀. Èyí fi hàn gbangba pé CD8 ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àmọ́ kòkòrò yìí máa ń yí ìrísí ẹ̀ padà lójoojúmọ́, kí CD8 tó mọ ojú ẹ̀ lónìí á ti para dà lọ́la, CD8 tó bá sì ti ń lé e kiri fún oṣù àti ọdún láìsinmi á rẹ̀, á rẹ̀ débi pé á wà níbẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ní lè pa nǹkan kan mọ́. Ọdún 2006 ni wọ́n rí àmì àárẹ̀ yẹn lára CD8 àwọn èèyàn tó ní HIV, PD-1 ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ lára àwọn ọ̀bọ tiwa, ariwo ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọlọ́dẹ àdúgbò ṣàpèjúwe bí mo ṣe ṣe é fún àǹtí mi. Olè wọlé lóru, ọlọ́dẹ fọn fèrè, gbogbo ilé jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àdá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́dẹ ò bá wá yé fọn fèrè, lónìí, lọ́la, lóṣù tó ń bọ̀, títí ọdún á fi yí po, kò sẹ́ni tó sùn, kò sẹ́ni tó lọ sọ́jà, àwọn tó dúró síta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láìjẹ́ pé olè fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn tó jáde síta gan-an ni olè yìí ń wá, torí inú sẹ́ẹ̀lì CD4 tó ti jí, tó ti gbára dì, ló ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù láti máa pọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń pe sójà jáde ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Fèrè yẹn lórúkọ, interferon ni, òun àti àwọn àmì ogun míì tó ń tẹ̀lé e. Nígbà tí kòkòrò kọ́kọ́ wọlé, ọ̀bọ eérú fọn ọ́n, green monkey, ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà míì tó ní SIV tiẹ̀, náà fọn ọ́n, kíkan kíkan ni, kò kéré sí ti macaque rárá. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tiwọn á rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ṣì wà níbẹ̀ o, kò lọ síbì kankan. Ti macaque kì í rọlẹ̀. Ti àwa èèyàn náà kì í rọlẹ̀. Ẹ má sì rò pé kí fèrè má dún rárá ló dáa, ìyẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ rò, wọ́n dán an wò lára macaque, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2014: àwọn tí wọ́n dí fèrè wọn látìbẹ̀rẹ̀ tètè kú, àwọn tí wọ́n wá fún ní interferon kún tiwọn, ó kọ́kọ́ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń fún wọn lọ láìdúró, ara wọn ò gbọ́ ọ mọ́, CD4 wọn tún yára lọlẹ̀. Kó dún dáadáa, kó sì mọ ìgbà tó máa dákẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Kí ló ń jẹ́ kí fèrè tiwa máa dún lọ? Inú ìfun ni ìdáhùn tó ya mí lẹ́nu jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú CD4 tó ti rí ogun rí, ìfun ló ń gbé, ibẹ̀ ni SIV àti HIV kọ́kọ́ ń jà lógun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kódà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí a fà lápá ṣì dà bíi pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Lára àwọn tó ń kú níbẹ̀ ni irú kan tí wọ́n ń pè ní Th17, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa tún ògiri ìfun ṣe. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Tí ògiri yìí bá wá lanu, bakitéríà inú ìfun àti ìdọ̀tí ara wọn á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara á sì máa rò pé ogun tuntun tún dé, á máa fọn fèrè. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ ìyẹn jáde nípa àwọn èèyàn tó ní HIV. Ọ̀bọ eérú máa ń pàdánù CD4 inú ìfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n Th17 ẹ̀ kì í lọ, ògiri ẹ̀ kì í là. Nígbà tí wọ́n sì ka gbogbo jẹ́ẹ̀nì ẹ̀ tán, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2018, wọ́n rí i pé etí tí ara ẹ̀ fi ń gbọ́ ìró bakitéríà, TLR4, ti yàtọ̀ sí tiwa, kì í tètè ta gìrì. Nígbà tí mo kà á, mo dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ dúró síta. Ìgbẹ́ ọ̀rìn bọ̀dá mi ni mo ń rántí, tí gbogbo wa ń rò pé àìsàn ọ̀tọ̀ ni.

Èyí tó kù, ọwọ́ àǹtí mi ni mo ti rí àpèjúwe ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ pé ibi tí ẹ bá ti fi ẹ̀kọ láfún kun lára aṣọ, aró á yí i ká, kò ní lè wọlé. Ilẹ̀kùn tí kòkòrò yìí ń gbà wọ inú CD4 ni CCR5. Ìwádìí ọdún 2011 fi hàn pé àwọn CD4 tó ṣe kókó jù lára sooty mangabey, àwọn àgbà tó ń bí àwọn yòókù, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé CCR5 síta, àfi bíi pé wọ́n ti fi ẹ̀kọ kùn wọ́n. Kòkòrò á jẹ àwọn ọmọdé tí ara lè tètè pààrọ̀, á fi àwọn àgbà sílẹ̀. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀nà jíjìn lọ̀rọ̀ yìí wà, nínú igbó Omo níbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá Ìjẹ̀bú, ọ̀bọ kan wà tó dà bíi pé ó dé fìlà pupa, ìpéǹpéjú ẹ̀ funfun, red-capped mangabey ni wọ́n ń pè é. Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹ́ẹ̀nì CCR5 irú ọ̀bọ yìí ló ti gé, ilẹ̀kùn náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé kòkòrò wá fi í sílẹ̀? Rárá o, ó lọ wá ilẹ̀kùn míì, CCR2, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Timothy Ray Brown, ọkùnrin tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun ẹ̀ ní Berlin lọ́dún 2007 nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, irú ilẹ̀kùn tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà lára ẹni tó fún un, HIV sì lọ lára ẹ̀ pátápátá. Ó wà láìní kòkòrò títí tí jẹjẹrẹ yẹn fi padà wá pa á lọ́dún 2020.

Àwọn èèyàn díẹ̀ náà wà, wọn ò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí ara wọn ń dá kápá HIV láìlo oògùn kankan. Tiwọn ò jọ ti ọ̀bọ eérú, àwọn yìí ń jà ni, CD8 wọn mọ ibi tó yẹ kó mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní jẹ́ẹ̀nì kan tí wọ́n ń pè ní HLA-B57, èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì gbé ibi tó dùn kòkòrò jù jáde fún CD8 láti rí, ibi tí kòkòrò náà ò lè para dà kó má ba ara ẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀, ariwo inú ara tiwọn náà ṣì ga ju ti ẹni tí ò ní kòkòrò lọ. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá máa rò pé òun wà lára wọn.

Ìnàkí ńkọ́, tó sún mọ́ wa jù? Òun náà ń kú u. Nígbà kan wọ́n rò pé kì í ṣe é ní nǹkan kan, àfìgbà tí wọ́n tẹ èsì ìwádìí igbó Gombe ní Tanzania jáde lọ́dún 2009, pé ìnàkí tó ní SIV máa ń tètè kú ní ìlọ́po 10 sí 16 ju èyí tí ò ní lọ. Ara àwọn ọ̀bọ kéékèèké tó ń pa jẹ ló ti kó o, kòkòrò ọ̀bọ onífìlà pupa yẹn sì wà lára àwọn tó pa pọ̀ tó di tiẹ̀, kó tó di tiwa. Ìnàkí náà ò tíì pẹ́ tó pẹ̀lú ẹ̀. Èyí ni mo fi gbà pé àlàáfíà ọ̀bọ eérú kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni, àwọn tí ariwo ara wọn ò rọlẹ̀ ti kú lọ, àwọn tó kù ló bímọ.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, lálẹ́, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Tó bá jẹ́ ariwo ló ń pani, tí tèmi ò sì hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣé mi ò lè sinmi oògùn yìí díẹ̀?" Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Mo ní kòkòrò tó ń sùn wà nínú àwọn CD4 kan, oògùn ò lè kàn án níbẹ̀, ẹ̀rọ mi ò lè rí i, ọjọ́ tí oògùn bá dúró ló máa jí. Mo sọ ìwádìí SMART fún un, ọdún 2006 tí òun gan-an bẹ̀rẹ̀ lèsì ẹ̀ jáde, èèyàn 5,472 ni wọ́n fi ṣe é ní orílẹ̀-èdè 33. Wọ́n ní kí apá kan máa lo oògùn lọ, kí apá kejì máa dá a dúró tí CD4 wọn bá ti ga. Wọ́n ní láti tètè dá ìwádìí náà dúró, torí àìsàn tàbí ikú tó dé bá àwọn tó ń sinmi oògùn ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ, ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wọn náà sì gbà nínú ẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, oògùn yẹn ló ń bá yín pa fèrè lẹ́nu mọ́. Ara wa ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe fúnra ẹ̀." Ó mi orí. Kò jiyàn.

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó tún ní, "Àwọn ọmọ ọ̀bọ yẹn ńkọ́? Tí ìyá wọn bá ń fọ́mú fún wọn?" Inú mi dùn pé mo mọ èyí. Mo ní ìyá ọ̀bọ eérú kì í sábà kó o ran ọmọ ẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ sí lára sẹ́ẹ̀lì ọmọ wọn, kòkòrò inú wàrà kì í rí ibi wọlé, ìgbà tí wọ́n bá dàgbà ni wọ́n ń kó o lára ara wọn.

Àláàmù fóònù ẹ̀ dún, aago mẹ́sàn-án. Kó tó na ọwọ́ sí báàgì, àbígbẹ̀yìn ẹ̀ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò léraléra nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ tí wọn ò rí nǹkan kan, tó ti ga jù mí lọ báyìí, ti gbé omi jáde láti inú ilé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún un.